Àjọ Ni Máàkì: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wọ Yunifásítì

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti la wàhálà JAMB já máa ń wọ yunifásítì bí ẹni tó ti dé ibi tó ń lọ. Wọn a ní àwọn fẹ́ fi ọdún kìn-ín-ní mọ ilé mọ ọ̀nà, pé ìwé kíkà gidi yóò bẹ̀rẹ̀ tó bá yá. Èrò yìí ló ń ba èsì jẹ́ jù lọ, kì í sì í ṣe nítorí pé ọ̀lẹ ni ẹni tó ń rò ó. Ohun tí kò yé e ni pé àjọ ni máàkì yunifásítì. Ẹni tó bá ń dá àjọ mọ̀ pé ọgbọọgba ni owó oṣù àkọ́kọ́ àti ti oṣù tó kẹ́yìn, àti pé ẹni tó bá jẹ gbèsè ní ìbẹ̀rẹ̀ kò lè fi ẹ̀bẹ̀ dí i ní ọjọ́ tí ó bá fẹ́ kó o. Nítorí náà, kí n tó sọ ohunkóhun nípa ìwé kíkà, ìṣirò ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú.

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà, máàkì 70 sókè ni A, ó sì jẹ́ póìntì 5. 60 sí 69 ni B, póìntì 4. 50 sí 59 ni C, póìntì 3. 45 sí 49 ni D, póìntì 2. 40 sí 44 ni E, póìntì 1. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 40 ni F, òdo. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní yúnìtì tirẹ̀. Wọn a fi póìntì tí ẹ gbà sọ yúnìtì kọ́ọ̀sì náà di púpọ̀, wọn a ro ti gbogbo kọ́ọ̀sì pọ̀, wọn a wá fi àpapọ̀ yúnìtì pín in. Ohun tó bá jáde ni GPA sáà yẹn. Bí wọ́n bá ro gbogbo sáà pọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti wọlé, CGPA nìyẹn. Ipò kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ láti 4.50, ipò kejì ti òkè láti 3.50, ipò kejì ti ìsàlẹ̀ láti 2.40, ipò kẹta láti 1.50. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń lo ìwọ̀n mìíràn, nítorí náà ẹ wo ìwé ìlànà tí wọ́n fún yín ní ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, ìyẹn èyí tí ọ̀pọ̀ ń fi tẹ́ ìsàlẹ̀ àpótí.

Ẹ jẹ́ kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ṣe kọ́ọ̀sì márùn-ún ní sáà àkọ́kọ́: ìṣirò tó ní yúnìtì 4, físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní yúnìtì 3, àti Use of English tó ní yúnìtì 2. Yúnìtì 15 ni gbogbo rẹ̀. Ó gba C nínú ìṣirò, B nínú físíìsì àti kẹ́mísírì, A nínú bàọ́lọ́jì àti Use of English. Ìṣirò fún un ní 12, físíìsì 12, kẹ́mísírì 12, bàọ́lọ́jì 15, Use of English 10. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 61. Bí a bá fi 15 pín in, 4.07 ni. Èsì tó dára ni. Ká wá ní ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò, tí àwọn yòókù sì wà bí wọ́n ṣe wà: 49 ni yóò kù, GPA rẹ̀ yóò sì já wá sí 3.27. Ṣùgbọ́n ká ní ó yege nínú ìṣirò, tó wá jẹ́ Use of English ló gba F nítorí pé kò ka GST, ìyẹn àwọn kọ́ọ̀sì gbogbogbòò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, sí nǹkan kan, 51 ni yóò kù, GPA rẹ̀ yóò sì jẹ́ 3.40. Kọ́ọ̀sì yúnìtì 2 tí gbogbo ènìyàn ń fojú di mú un já bọ́ láti ipò kejì ti òkè gẹ́gẹ́ bí ìṣirò yúnìtì 4 tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù ṣe mú un já bọ́. Ó rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé A tó sún mọ́ ọ lọ́wọ́ nínú kọ́ọ̀sì kékeré fẹ́rẹ̀ẹ́ níye lórí tó C tí o fi òógùn wá nínú kọ́ọ̀sì ńlá, bí ẹ bá sì fẹ́ gbọ́ tèmi, ibi tí A ti rọrùn ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dáàbò bo ara yín.

Ìṣirò kejì ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Ká ní ètò ẹ̀kọ́ yín jẹ́ ọdún mẹ́rin, tí ẹ sì ń ṣe yúnìtì 36 lọ́dún, yúnìtì 144 ni gbogbo rẹ̀. Kí ẹ tó lè parí pẹ̀lú 4.50, ẹ ní láti kó póìntì 648 jọ. Ẹni tó bá fi 2.50 parí ọdún kìn-ín-ní ti ní 90. Bí ó bá gba A nínú gbogbo kọ́ọ̀sì láti ọdún kejì títí dé òpin, láìsí B ẹyọ kan, 540 ni yóò fi kún un, àròpọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 630, èyí tí kò ju 4.38 lọ. Ipò kìn-ín-ní ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ó tó mọ orúkọ ìdajì àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ní ètò bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá ní 3.00 ní ọdún kìn-ín-ní kò lè dé ipò kìn-ín-ní mọ́, ohun yòówù kó ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní 2.50 yẹn kan náà ṣì lè dé ipò kejì ti òkè, bí ó bá lè máa gba nǹkan bíi 3.83 láti ọdún kejì lọ, ìyẹn B tó pọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba C. Ẹ jókòó, ẹ ṣe ìṣirò tiyín pẹ̀lú bébà, kí ẹ mọ ohun tó ṣì ṣeé ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ gba Direct Entry wọlé sí ọdún kejì, àjọ tiyín kúrú ju ti àwọn yòókù lọ, gbèsè díẹ̀ sì máa ń tètè hàn nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìṣirò, ìwé pípamọ́ ló kàn. Ẹ ra fáìlì kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ máa tọ́jú ìwé ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì tí olùdámọ̀ràn yín bu ọwọ́ lù, gbogbo rìsíìtì, àti gbogbo ìwé ìdánwò àárín sáà tí olùkọ́ bá dá padà. Ìdánwò àárín sáà àti iṣẹ́ àṣetiléwá sábà máa ń kó máàkì 30 tàbí 40 nínú 100, àwọn ìwé wọ̀nyí sì máa ń sọnù. Ní ọdún kejì tèmi, mo gba 24 nínú 30 nínú ìdánwò kan. Inú mi dùn, mo mú ìwé náà wá sí yàrá, ẹni tí a jọ ń gbé fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ìṣirò, kò sí ẹni tó mọ ibi tó wọlé sí mọ́. Nígbà tí èsì jáde, òdo ni wọ́n kọ síbi tó yẹ kí 24 wà, 41 tí mo gba nínú ìdánwò òpin sáà nìkan ló dá dúró. Ohun tó yẹ kó jẹ́ 65 di 41, B di E. Mo tọ olùdámọ̀ràn mi lọ. Bàbá náà gbọ́ mi dé òpin, wọ́n ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́, ṣùgbọ́n kí ni kí n mú dání lọ bá wọn?" Mi ò rí nǹkan kan fi dá wọn lóhùn. E náà wà nínú èsì mi títí di òní.

Ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ gba àkíyèsí. Ẹni tó bá ṣe ìdánwò kọ́ọ̀sì tí kò forúkọ sílẹ̀ fún kò ní máàkì kankan níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ gba 90. Kọ́ọ̀sì tí ẹ bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní káríófà, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ fún un ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nítorí àkókò rẹ̀ lè forí gbárí pẹ̀lú kọ́ọ̀sì mìíràn, ìpele tó kẹ́yìn kò sì yẹ fún irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í jẹ́ kí ẹni tí kò bá wá sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìkẹ́kọ̀ọ́ jókòó ṣe ìdánwò. Àwọn olùkọ́ kan kì í tẹ̀lé òfin yìí. Kò sí bí ẹ ṣe máa mọ ẹni tí yóò tẹ̀lé e.

Ó wá ku ìwé kíkà gan-an. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà kàwé ni kí wọ́n ṣí ìwé, kí wọ́n kà á, kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tún kà á. Bí wọ́n bá kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ojú wọn á ti mọ̀ ọ́n, wọn á sì rò pé orí wọn náà ti mọ̀ ọ́n. Ojú tó mọ nǹkan kì í ṣe orí tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé kéú mọ ohun tí mò ń sọ: ọmọ kéú kì í wo wàláà lásán kí ó sì ní òun ti mọ̀ ọ́n. Yóò gbé e lọ bá àfáà, yóò kà á lórí, ibi tó bá ti kọsẹ̀ ni wọn yóò ti dá a padà. Ìgbà tí ó bá kà á já láìwo wàláà ni wọn tó ń gbà á láyè kí ó fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì kọ òmíràn sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá ṣe ń ké ẹsẹ fún olúwo rẹ̀. Àwọn baba wa ti mọ̀ pé bí a bá ń fa nǹkan jáde láti inú orí ló ń dúró síbẹ̀.

Ìwádìí ìgbà tiwa náà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Amẹ́ríkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àkọsílẹ̀ láti kà. Àwọn kan tún un kà, àwọn kan pa á dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé ló borí. Nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni àkàtúnkà fi ń tan ènìyàn jẹ. Kí iṣẹ́ yìí tó wáyé, Hermann Ebbinghaus ti ilẹ̀ Jámánì ti tẹ ìwádìí kan jáde ní 1885, nínú èyí tí ó ti há àwọn ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sórí, tó sì ń dán ara rẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí àti ọjọ́ mélòó kan. Ó rí i pé kété lẹ́yìn tí a bá kọ́ nǹkan tán ni ìgbàgbé máa ń yára jù, kí eré rẹ̀ tó wá dẹ̀. Ìtumọ̀ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé alẹ́ ọjọ́ tí olùkọ́ kọ́ni ni kí ẹ padà sórí iṣẹ́ náà, kí ẹ tún padà sí i lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ má jẹ́ kí ó di ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ká ní olùkọ́ bàọ́lọ́jì kọ́ yín ní àárọ̀ nípa bí ọkàn ṣe ń tu ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ní alẹ́, kí ẹ tó ṣí ìwé, ẹ mú bébà òfìfo kan, ẹ ya ọkàn náà pẹ̀lú bírò dúdú, kí ẹ sì tọ́ka sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ gbà wọlé láti ara, bó ṣe kọjá lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ibi tó gbà padà wá, àti ibi tó gbà jáde lọ sí ara. Ibi tí bírò bá ti dúró, ibẹ̀ ni ẹ kò mọ̀. Nígbà náà ni kí ẹ wá ṣí ìwé, kí ẹ fi bírò pupa kún ohun tó sọnù. Pupa tó wà lórí bébà yẹn nìkan ni iṣẹ́ tó kù fún yín láti kà, kò sì ní gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí ẹ bá tún un yà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, pupa yóò ti dínkù. Ìbéèrè ìdánwò àwọn ọdún tó ti kọjá náà wúlò lọ́nà kan náà, bí ẹ bá jókòó ṣe é láìwo ìwé, pẹ̀lú aago níwájú. Ẹni tó kàn ń há ìdáhùn inú rẹ̀ sórí ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ní ti olùkọ́, ẹ̀rù wọn tó ń ba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ìdí tó tó bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó le nínú kíláàsì sábà máa ń rọ̀ nínú ọ́fíìsì, pàápàá bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú iṣẹ́ dání wá. Ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, ẹ sọ orúkọ àti ìpele yín, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ má ṣe lọ sọ pé, "Sà, kọ́ọ̀sì yín kò yé mi," nítorí ọ̀rọ̀ yẹn kò ní ibi tí ẹnikẹ́ni lè dì í mú, ó sì tún fẹ́ dà bí ẹ̀sùn. Ẹ gbé ìṣirò tí ẹ ti ṣe kalẹ̀, kí ẹ fi ìka tọ́ka sí ìlà kẹta, kí ẹ sọ pé, "Sà, mo ṣe é dé ibí yìí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìdí tí àmì ìyọkúrò yìí fi di àmì ìròpọ̀." Ìṣẹ́jú méjì ni wọn yóò fi dáhùn, wọn yóò sì rántí ojú yín. Ọjọ́ tí ẹ bá nílò ẹni tí yóò kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún yín láti lọ kàwé sí i, irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa tọ̀ lọ.

Kíkàwé pọ̀ ní ẹgbẹ́ dára bí iye yín kò bá ju mẹ́rin lọ, tí olúkúlùkù sì ń gba ipò olùkọ́, tó ń dìde ṣàlàyé fún àwọn yòókù. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àpèjẹ ni. Ní ti àìsùn tí wọ́n ń pè ní TDB, ìyẹn kí ènìyàn máa kàwé nínú kíláàsì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, mo mọ̀ pé iná mànàmáná àti ariwo inú họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ń lé ọ̀pọ̀ lọ síbẹ̀, mi ò sì ní bá ẹni tí kò ní ibòmíràn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi òru kàwé kí ó sùn ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nítorí ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tó kọ́ jọ. Ẹni tó bá gba ojú àìsùn lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò máa ń rántí ojú ewé tí ìdáhùn wà láìrántí ìdáhùn fúnra rẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì náà jẹ́ ara ìwé kíkà ní ilẹ̀ yìí, ó sì yẹ kí ẹ ní ètò sílẹ̀ dè é. Ní 2020, láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá ni àwọn olùkọ́ fi wà ní ilé; ní 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Nígbà tí wọ́n bá wọlé padà, ìdánwò kì í pẹ́ dé, ẹni tó ti gbàgbé gbogbo ohun tó kọ́ yóò máa sáré. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá tì, ẹ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ wá owó, ṣùgbọ́n kí ẹ máa mú bébà òfìfo yẹn jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Nípa owó, ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì ìjọba lè béèrè fún ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NELFUND, tí òfin rẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin 2024. Kò ní èlé. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, wọ́n sì ń fún ẹni tó bá béèrè ní owó ìtọ́jú. Gbèsè ni ṣá o, kì í ṣe ẹ̀bùn, nítorí náà ẹ má fi owó ìtọ́jú náà ra fóònù.

Àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn ní SIWES nínú, ìyẹn iṣẹ́ oṣù mélòó kan ní ilé-iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní IT, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá àyè ní sáà tó ṣáájú. Àwọn tó bá pẹ́ ni ẹ ń rí tí wọ́n ń fi oṣù mẹ́fà ra oúnjẹ fún ọ̀gá. Ẹ máa kọ ohun tí ẹ ṣe sínú logbook lójoojúmọ́, nítorí ẹni tó bá fi alẹ́ kan kọ gbogbo rẹ̀, bírò kan náà àti ọwọ́ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò tú àṣírí rẹ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí ìpele tó kẹ́yìn máa ń ní yúnìtì tó pọ̀ ju kọ́ọ̀sì lásán lọ, máàkì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín ju ti ìdánwò èyíkéyìí lọ. Ẹ yan àkòrí kékeré. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní òun fẹ́ ṣe ìwádìí nípa ètò ọrọ̀ ajé Nàìjíríà yóò kàn kó ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn jọ ni. Ẹni tó bá lọ bá àwọn aláta nínú ọjà Bódìjà, tó béèrè bí iye owó tátàsé ṣe ń yí padà láàárín oṣù mẹ́ta, yóò ní ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ máa gbé orí kọ̀ọ̀kan lọ fún olùtọ́sọ́nà bí ẹ bá ṣe ń kọ ọ́, kí ẹ sì tọ́jú àdàkọ rẹ̀ sí ibi méjì, nítorí kọ̀ǹpútà máa ń bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí a nílò rẹ̀ jù.

Kí ẹ tó kúrò ní ọgbà, ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ yín àti ọjọ́ ìbí yín sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ fi wé ti JAMB, lẹ́tà sí lẹ́tà, nítorí orí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fi ránṣẹ́ ni NYSC yóò ti ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí àṣìṣe náà nígbà tí ẹ ṣì ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì kí ẹ sì máa béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ti padà sílé, owó ọkọ̀ ni ẹ ó máa fi tọ lẹ́tà kan ṣoṣo kiri.